Ẹja Tó Kọjú Sẹ́yìn

Kó ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Ìwọ tí o ń ka èyí ni mò ń bá wí. Bí o bá ní kẹ̀kẹ́ fixed nílé, tàbí ọmọ rẹ ní in, má fọwọ́ kan ṣéènì rẹ̀ nígbà tí táyà bá ń yí, kódà bó jẹ́ jẹ́jẹ́ ló ń yí. Kẹ̀kẹ́ tó kù, bí o bá dá ẹsẹ̀ dúró, táyà á máa lọ, pẹ́dà á sinmi. Fixed kì í sinmi. Táyà ẹ̀yìn àti pẹ́dà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí èyí bá yí, tọ̀hún yí. Ìka tó bá bọ́ sáàárín ṣéènì àti eyín irin, ó ti lọ nìyẹn. Mo mọ̀. Ìka òsì mi kan kò ní èékánná mọ́, kò sì ní ibi tí èékánná ìbá tún hù sí.

Má sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá ọ so ó. Jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.

Èmi ni Sàká. Mò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, nínú yàrá kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ibi tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo máa ń jókòó sí.

Ní Àlàrùbá, ìyẹn Wednesday, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, obìnrin kan wọlé. Kò ti kẹ̀kẹ́ wá. Ọ̀rá kan ló gbé dání, ọ̀rá tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Kó tó la ẹnu ni mo ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ṣéènì ni. Ṣéènì tó já.

Àyà mi já.

"Uncle Sàká, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Tófúnmi lorúkọ mi. Ọlọ́pàá ni mí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ṣé mo lè jókòó?"

Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ń rìn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Mo jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ èmi ni mò ń pè é ní ẹ̀yin. Ẹ̀rù kì í mọ àgbà.

"Ẹ jókòó, Officer. Ẹ jókòó. Ṣé... ṣé ó ti kú ni?"

"Ta ni?"

Ẹ wá wo ẹnu mi. Mo ti dáhùn ohun tí wọn kò bi mí.

"Habeebullah," ni mo wí. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Kí n sọ ẹni tó jẹ́. Habeebullah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní Aylesbury, ọgbà ilé alájà púpọ̀ tí mò ń gbé, orí àjà wa gan-an ni yàrá tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Camberwell ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kiri. Ní Àtàláátà, ìyẹn Tuesday, ó ń gun fixed rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná pupa ti dá bọ́ọ̀sì kan dúró ní Camberwell Green, Habeeb náà fẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní bíréèkì. Ẹsẹ̀ ló fi ń dá a dúró, ẹsẹ̀ àti ṣéènì. Ṣéènì sì tú. Ó lọ forí sọ bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ló ti sùn nínú ilé ìwòsàn kan náà, lórí irú bẹ́ẹ̀dì tó máa ń tì fún ẹlòmíràn.

"Kò tíì kú," Tófúnmi wí. "Kò sì tíì jí."

Mo dúpẹ́ nínú mi. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù tún padà wá. Kí n má purọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Habeeb nìkan. Ìwé wa wà lọ́wọ́ ìjọba, èmi àti Àsúmáù ìyàwó mi, ìwé tí a ó fi máa gbé ìlú yìí láìbẹ̀rù. Ọdún mẹ́wàá la ti ń retí rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa: ẹni tó bá ń retí ìwé yìí kò gbọdọ̀ ní ọ̀ràn kankan pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ọ̀ràn kankan. Ọlọ́pàá sì rèé lórí àga mi.

"Wọ́n ní ẹ bá a jà ní Monday."

"A ò jà, Officer. Mo kàn sọ̀rọ̀ ni."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n fi bíréèkì iwájú sí i. Òfin gan-an wí bẹ́ẹ̀. Ó ní á ba ẹwà kẹ̀kẹ́ òun jẹ́."

"Ẹ wá ní kí ni?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. "Mo ní... mo ní á kú sórí ẹ̀."

"Ẹ pariwo ẹ̀?"

"Rye Lane la wà, Officer. Ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Rye Lane?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó pa ìwé tó ń kọ dé, ó fi sápò, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi.

"Uncle, mi ò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́. Ẹ kọ́ mi. Báwo lẹ ṣe ń so ṣéènì fixed tí kì í fi í tú?"

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ọgbọ́n ló ń dá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè purọ́ bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Àmọ́ sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé kó kọ́ ọ. Á gbàgbé pé ẹ̀rù ń ba òun.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ni mo wí. "Èkíní, ìṣó kékeré inú ṣéènì. Ìṣó tuntun o. Èyí tí wọ́n bá ti yọ, a kì í dá a padà, kì í dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Irin yìí la fi ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ yọrí ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ẹ ó wá mi ojú ibẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó lè rọ̀. Bó bá le, á fò. Bí mo ṣe ń ṣe ti fixed nìyẹn, nítorí lórí fixed, ṣéènì ni bíréèkì. Mo ṣe é fún Habeeb ní Sunday."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì ni ẹja."

"Ẹja bí ẹja?"

Mo mú ọ̀kan nínú agolo mi, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Apá kan rẹ̀ ká róbótó bí orí, apá kejì là sí méjì bí ìrù. Òun la fi ń há ojú ibi tí a ti so ṣéènì kó má bàa ṣí. Àwọn òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ ní orúkọ tiwọn fún un, kò bá ẹnu mi mu. Èmi ni mo sọ ọ́ ní ẹja.

"Ohun kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀," ni mo wí. "Orí ẹja lókè, kó kọjú sí táyà iwájú. Gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí ló mọ̀ ọ́n, wọ́n á tilẹ̀ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣéènì tó wà lókè, iwájú ló ń sáré sí. Bí orí bá ló ṣáájú, ohunkóhun tó bá fara kàn án á yọ̀ kọjá. Bí ìrù tó là yẹn bá ló ṣáájú, okùn bàtà lásán lè kọ́ ọ kó fà á yọ."

Tófúnmi fọwọ́ sápò, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Ẹja kan wà níbẹ̀, ó ti tẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, irú èyí tó kún inú agolo mi gan-an. Okùn dúdú kan há sínú ìrù rẹ̀.

"Lára okùn bàtà Habeebullah ni wọ́n ti rí i," ló wí. "Ìrù ló fi kọ́ ọ. Kí ni ìyẹn sọ fún yín?"

"Pé... pé wọ́n fi í sódì."

"Ta ló fi í sódì?"

"Kì í ṣe èmi! Mo ní ìṣó ni mo lò! Officer, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Ta ni nígbà náà?"

Ìbẹ̀rù mú mi ṣe ohun kan tójú rẹ̀ ń tì mí títí di ìsinsìnyí. Mo ní, "Ẹ bi Làtíìfù."

* * *

Làtíìfù ló ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹja gidi. Ní Monday yẹn, Habeeb fi kẹ̀kẹ́ gbá àpótí rẹ̀, ẹja tú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Làtíìfù sì fi í ré. Lẹ́yìn náà Habeeb fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri rẹ̀, ó lọ ra búrẹ́dì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Gbogbo rẹ̀ ni mo rò fún ọlọ́pàá.

Ó ránṣẹ́ pè é. Làtíìfù wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó tutù, ó ń nu ọwọ́.

"Sàká, ṣé èmi lo dárúkọ? Èmi tí mo di orí ẹja fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Jímọ̀ tó kọjá? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Egungun ẹ̀ á há ẹ lọ́fun."

"Uncle Làtíìfù," Tófúnmi wí, "ẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan sí ibì kan fún mi ni."

Kẹ̀kẹ́ kan wà lórí irin tí mo máa ń gbé wọn kọ́, ṣéènì rẹ̀ wà ní títú. Tófúnmi fún un ní ẹja kan. Làtíìfù gbé e sójú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí lèyí? Eyín ta ló ká?"

"Ẹja ni wọ́n ń pè é."

"Ẹja!" Ó wò mí. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ta ẹja ní àdúgbò yìí. Èyí ò lójú, kò nípẹ́, kò sì rùn. Sàká, ayédèrú lò ń tà."

Ó gbìyànjú ṣáá. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin, ó gbé e lé orí ṣéènì bí ẹni gbé ọbẹ̀ lé búrẹ́dì, ó ní òun ti ṣe tán. Tófúnmi dúpẹ́, ó ní kó máa lọ. Làtíìfù kò kí mi pé ó dàbọ̀.

"Kì í ṣe òun," Tófúnmi wí. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè tì í wọlé. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ó lórí, ó mọ̀ pé ó nírù."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sódì ni nígbà náà. Ọ̀tá ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ yìí." Ó gbé ọ̀rá ṣéènì sókè. "Ẹ wò ó dáadáa. Níbí ni ìṣó tí ẹ fi sí i ní Sunday. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó le koko. Ibòmíràn ni ṣéènì ti já. Ẹnìkan wá fi ẹja so ibẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ọ̀tá wo ló ń so nǹkan? Ì bá gé e. Ì bá tú nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀tá kì í tún nǹkan ṣe, Uncle."

Ó yẹ kí inú mi dùn, ìṣó mi kò jà mí kulẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwòrán kẹ̀kẹ́ Habeeb ni. Eruku funfun wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó tún wà ní ṣóńṣó ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, lápá òkè.

"Níbo lèèyàn ti lè rí irú eruku yìí?"

"N kò mọ̀," ni mo wí.

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Aylesbury. Eruku yẹn ló wà lára bàtà mi nígbà tí mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mo fa ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga.

"Ẹni tí kò bá ní irin ìgbékẹ̀kẹ́ bíi tiyín, báwo ló ṣe máa ń so ṣéènì?"

"Á... á yí i dojú dé. Ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ á wà nílẹ̀, táyà á wà lókè."

Tófúnmi dìde. Ó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí irin, ó yí i dojú dé láàárín yàrá, ó sì ní kí n so ṣéènì rẹ̀ pọ̀. Mo so ó, ó ku ẹja. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹja lé apá ṣéènì tó wà lókè.

"Orí ẹja lókè," ló wí, bí ọmọ ilé kéú tó ń ka sílébù. "Kó kọjú sí táyà iwájú. Ṣé mo ṣe é bí ẹ ṣe wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ yí pẹ́dà síbi tí kẹ̀kẹ́ á fi lọ síwájú. Ẹ wo ẹja."

Mo yí i. Ẹja náà gbéra lókè. Kò lọ síwájú. Ẹ̀yìn ló ń fà sí, ìrù rẹ̀ ló sì ṣáájú.

Ogún ọdún. Ogún ọdún ni mo ti ń wí i, òkè, òkè, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé bí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé, òkè ti di ìsàlẹ̀. Èmi kì í yí kẹ̀kẹ́ dojú dé. Kò wá sí mi lọ́kàn rí.

"Kì í ṣe ọ̀tá," Tófúnmi wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹni tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni. Ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ pé orí ẹja, Uncle, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lójoojúmọ́?"

"Àwọn oníbàárà. Èèyàn pọ̀."

"Àárọ̀ yìí la ṣí fóònù Habeebullah. Ní Tuesday, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó pe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Wọn ò gbé e. Nọ́ńbà yín ni."

Mo rántí. Mo ti rí i lójú fóònù mi, mo ní tó bá yá n ó pè é padà.

"Ilé ni ṣéènì rẹ̀ ti já," ló ń bá a lọ. "Ó pè yín, ẹ ò gbé e. Ó ti fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó di aago méje, ó ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn tó lọ kàn."

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ wọ inú mi lẹ́ẹ̀kan. Láti Àtàláátà, Àsúmáù kò jẹun. Ó ń fi ọṣẹ fọ èékánná rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó tún ń fọ̀ ọ́. Mo rò pé nítorí mi ni ẹ̀rù fi ń bà á. Mo rántí àwo kékeré orí tábìlì wa, níbi tó máa ń kó àwọn ẹja tó bá bá lápò aṣọ iṣẹ́ mi sí, kó tó fọ aṣọ.

N kò sọ ọ́. N kò tilẹ̀ jẹ́ kí ojú mi sọ ọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Ọlọ́run mi. Àsúmáù ló wà níbẹ̀.

* * *

Ọ̀sán ti pọ́n, ó gbé oúnjẹ mi wá bó ti máa ń ṣe. Ó rí kẹ̀kẹ́ tó dojú dé. Ó rí ọ̀rá. Ó dúró lójú kan.

"Bàbá Nusaybah," ló wí, orúkọ ọmọ wa ló fi ń pè mí, "ṣé Habeeb ti jí?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Mummy," Tófúnmi wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Iṣẹ́ ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ ọkọ yín. Mo tún ti gbàgbé. Ibo ni wọ́n ní kí orí ẹja kọjú sí?"

Mo la ẹnu láti kígbe. Ó ti pẹ́ jù.

"Òkè, kó kọjú sí táyà iwájú," Àsúmáù dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, bí àmín. "Ó ń wí i lójú oorun." Ó wá wo ojú mi. Ó wo ojú obìnrin náà.

"Èmi ni," ni mo wí. "Officer, èmi ni mo so ó. Mo ti purọ́ tẹ́lẹ̀."

Tófúnmi kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

"Bí Habeebullah bá jí, Uncle, àṣìṣe lásán ni gbogbo èyí. Bí kò bá jí..." Kò parí rẹ̀. "Ìbéèrè kan péré ló kù. Ní aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, níbo lẹ wà? Ṣé ẹ wà nílé?"

Mọ́sáláṣí ni mo wà. A ti kírun Àsùbáà tán, mo ṣì jókòó, ọgbọ̀n ọkùnrin ló wà níbẹ̀ tí wọ́n rí mi, èjìká mi àti ti Nasir tó jókòó tì mí kanra wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á tú mi sílẹ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́, ẹnì kan péré ló kù tó wà nílé wa nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ fún wọn," Àsúmáù wí, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Nusaybah, ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún wọn."

"Dákẹ́, Àsúmáù."

"Uncle," Tófúnmi wí, "ṣé ilé ni, àbí ibòmíràn?"

Mo gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo gbé e kalẹ̀. Mo fi ara mi sí àárín òun àti ọlọ́pàá.

"Officer," ni mo wí, "n kò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Ó tún bi mí. Mo pa ẹnu mi mọ́.